Ẹni Tí Mo Pè Wá Jẹ Iyán

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ Bàbá Tíṣà ní Kabba. Òórùn kẹrosíìnì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òórùn ìwé àtijọ́ á wá wọlé sí ọ nímú, á sì kọ̀, kò ní jáde mọ́ títí wàá fi délé. Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ó kó gbogbo ìwé tó ní jọ sí pálọ̀ yẹn, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá máa yá a. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: kó o tó mú ìwé mìíràn, o gbọ́dọ̀ kọ ohun tó o rí nínú ti àkọ́kọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà lórí tábìlì. Tó ò bá mọ̀ ọ́n kọ, sọ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kan á bá ọ kọ ọ́.

Èmi ni ẹnì kan yẹn. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti sá kúrò nílé ìwé ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa ló sọ lójú gbogbo kíláàsì pé tí wọ́n bá yọ mí kúrò níbẹ̀, kò sóhun tó máa dínkù, mo wá yọ ara mi kúrò láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ọlọ́run fún mi ní ọwọ́ tó rẹwà, ó kàn gbàgbé láti fi nǹkan tí ọwọ́ náà máa kọ sí mi lórí ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wa kúrò lára Kúwárà, tí wọ́n sọ wá di Kogí. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun pátákó iwájú ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n kọ Kogí lé e, ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán bá ràn sí i, Kúwárà á máa yọjú lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé jáde tó padà wá mú fìlà. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ ní Lọ́kọ́ja fún ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí. Èmi ò ní, mo wá ń jókòó sí pálọ̀ Bàbá Tíṣà, mò ń kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí.

Àárín àkókò yẹn ni ìwé kan dé láti òkè òkun. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ nílùú wa nígbà tí bàbá mi ṣì kéré ló fi ránṣẹ́. Ìwé alàwòrán ni, láti páálí dé páálí, dúdú àti funfun. Obìnrin Júù kan ló yà á. Ó ya bí ìjọba Jámánì ṣe kó òun àti gbogbo ará ilé ẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì, bí wọ́n ṣe rọ́ wọn sínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹran, bí wọ́n ṣe tì wọ́n mọ́ àgọ́ tí wọ́n ti ń fi ebi àti iṣẹ́ àti èéfín olóró pa wọ́n. Kò ya ojú àwọn tó ń pani, kódà ẹyọ kan. Bàtà wọn ló yà, àti ìbọ̀wọ́ wọn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nísinsìnyí. Nígbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé tó bá ti ní àwòrán, ìwé ẹ̀rín ni. Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà. Ìwé alàwòrán kì í dé ọ̀dọ̀ wa ní odindi, ojú ewé ẹ̀ ni wọ́n fi ń di ẹ̀pà. A ó jẹ ẹ̀pà tán, a ó fi àwòrán rẹ́rìn-ín tán, a ó fún un pọ̀, a ó sọ ọ́ nù. Mo ṣí ìwé obìnrin yìí ní àárín, mo rí àwọn èèyàn tó gbẹ bí igi ìṣáná, orí wọn dán, mo rẹ́rìn-ín, mo pa á dé. Bí mo ṣe kà á nìyẹn.

Àwọn tó kù kà á ní tiwọn. Alhájà tó ń ta aṣọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ní kí n bá òun kọ ọ́ pé, "Mo wò ó tán, mo dìde, mo ka àwọn ọmọ mi. Wọ́n pé." Mo kọ ọ́, mo sì ń sọ nínú mi pé àbí wọ́n ní kí ìyá yìí wá ka ọmọ ni? Àgbẹ̀ kan láti Ìkòyí tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó, ní, "Ilẹ̀ pọ̀ tó báyẹn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn." Ó dúró pẹ́ lẹ́yìn tó sọ ọ́, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Akọ̀wé ìjọba kan, ọmọ Ìyàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí Lọ́kọ́ja, kọ tiẹ̀ fúnra ẹ̀: "Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan nínú àwòrán yìí tó jókòó, tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa pa. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dára." Ibi tó kọ ọ́ dé nìyẹn. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé yangàn káàkiri, mo kà á, mo ṣí ojú ewé tó kàn.

Bàbá Tíṣà wá gbé ìwé náà àti ìwé àkọsílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé ló máa ń pè mí, kò sì rẹ́rìn-ín rí tó bá ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, gbé e lọ bá màmá yín nílé. Kò dìgbà téèyàn bá mọ̀wé kó tó wo àwòrán. Ohun tó bá sọ ni kó o kọ."

Ìyá tó bí bàbá mi ló ń sọ. Ìyá ti darúgbó nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ò gbé e lọ ọ̀nà jíjìn mọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì mú. Ìdí òfì ló ti lo ayé ẹ̀, òfì àwọn obìnrin wa tó máa ń dúró gbọọrọ lára ògiri. Kò hun aṣọ mọ́, òfì ṣì wà níbẹ̀, a máa ń sá aṣọ sí i. Mo gbé ìwé lé e lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, bọ́ọ̀lù wà lórí pápá, àdúgbò wa àti àdúgbò kejì, èmi sì ni gólì wa. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n mú o. Mo fẹ̀ ni.

Ìyá ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí ọ̀kan.

"Ọkọ mi, ta ló kú fún wọn?"

"Kí lẹ rí, Ìyá?"

"Gbogbo wọn ló fárí, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀fọ̀ ta ni wọ́n ń ṣe?"

"Ìyá, ìwé eré ni."

Ó wò mí, ó padà sínú ìwé. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sí ọmọbìnrin kan lápá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan. Mo gbọ́ "ìyá mi," mo gbọ́ "Tápà," mo ń sọ pé ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, mo ń so okùn bàtà. Wọ́n ti ń súfèé nígboro. Mo gba ìwé, mo sáré. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé mi lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n má parọ́ fún ọ.

Lójú ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́, lórí orúnkún: "Ìyá àgbà kan sọ pé ìwé yìí dára púpọ̀, àwòrán inú ẹ̀ mọ́." Àyè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, mo wá kọ tèmi sí i, kí n lè pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín: "Àwọn òyìnbó inú ìwé yìí gbẹ jù, wọ́n fárí kodoro bí ẹni tó jí adìẹ jẹ. Mo gba ẹni tó yà á nímọ̀ràn pé kó wá sí Kabba wá jẹ iyán, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn tó yó. Èmi ni, ọ̀dọ́ kan." Mo kà á sókè fún ara mi. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Tíṣà pe gbogbo àwa tó kàwé náà jọ sí pálọ̀. Lẹ́tà kan ti dé láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Obìnrin tó ya ìwé yìí ń bẹ láàyè," ló wí. "Ilé kan náà lòun àti nọ́ọ̀sì wa jọ ń gbé. Ó ti dàgbà. Òun ni ọmọbìnrin tó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ rí lójú ewé yẹn, òun nìkan ló kù. Ó gbọ́ pé a ní ìwé òun níbí, ó ń béèrè ohun tí ẹ rí nínú ẹ̀. Lọ́la, kí wọ́n tó ti pósọ́fíìsì, mo máa fi ìwé àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà."

Ìwé tí mo ti ń pè ní eré, èèyàn ni. Ó ń mí níbì kan, ó máa fi ọwọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí yẹn ṣí páálí, ó máa rí i pé òun gbẹ jù. Mo wo ojú àwọn tó jókòó. Alhájà ń nu ojú. Àgbẹ̀ Ìkòyí ń mi orí. Èmi ń wo ìwé àkọsílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó fi ejò sílẹ̀ nínú yàrá tó wá gbàgbé ibi tó wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni wọ́n gbé fún mi nílé? Iyán. Mo wò ó, òun náà wò mí. Àbúrò mi ló jẹ ẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ti wà ní pálọ̀ Bàbá Tíṣà kí oòrùn tó yọ. Mo ní mo wá gbálẹ̀. Èmi tí wọn ò rí kí n di ìgbálẹ̀ mú rí nílé bàbá tó bí mi. Bó ṣe ku èmi nìkan, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo di ojú ewé mi mú, mo rọra ń fà á kúrò lára píìnì tó so wọ́n pọ̀. Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ewé mìíràn ń dìde lápá òsì. Mo fà, ó dìde. Mo dúró, ó dúró.

"Ọ̀mọ̀wé, okun o."

Bàbá Tíṣà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, orín lẹ́nu, ó ń fi ìkí ilẹ̀ wa kí mi.

"Okun o, sà."

"O jí wá gbálẹ̀ fún mi. Àṣé ojú ewé lò ń gbá."

Mi ò rí irọ́ pa. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ni."

"Wo apá òsì. Kí lo rí níbẹ̀?"

Mo wò ó. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi náà ni: "Mo ka àwọn ọmọ mi. Wọ́n pé."

"Irú ìwé báyìí, takàdá kan ni wọ́n ṣẹ́ sí méjì," ló wí. "Tó o bá ya tìẹ, àwọn ọmọ Alhájà á já. Fi í sílẹ̀."

"Ẹ ti ka tèmi, sà?"

"Mo ti túmọ̀ ẹ̀."

"Kí lẹ túmọ̀ ẹ̀ sí?"

"Sí Gẹ̀ẹ́sì." Ó tutọ́ orín sí ìta. "Tìẹ kọ́ ló ń dùn mí. Èyí tó o kọ pé màmá yín sọ ni. Mo ti mọ obìnrin yẹn láti kékeré mi. Kò jẹ́ wo irú nǹkan báyìí kó ní àwòrán ẹ̀ mọ́. Aago méjì ni wọ́n ń ti pósọ́fíìsì. Lọ gbọ́ ohun tó sọ."

Mo sáré délé. Ìyá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ lọ́jọ́ tí mo mú ìwé wá?"

"Mo sọ ọ́ fún ọ."

"Mi ò gbọ́, Ìyá."

"O ń dáhùn. O ń sọ pé ẹ̀n-ẹ́n."

"Ẹnu mi ló ń dáhùn."

Ó padà sídìí ẹ̀gúsí ẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Oòrùn ti gun òkè ilé, mo ń wo òjìji àgé tó ń kúrú lọ nílẹ̀. Tí kò bá tún un sọ ń kọ́? Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Bó ti ń pẹ́ tó, mò ń rí i pé kì í ṣe ti pósọ́fíìsì nìkan ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé wa tí mo ti ń gbé fún bí ogún ọdún tí mi ò gbọ́, wọ́n gbé e fún mi, mo so okùn bàtà lé e lórí.

"Ìyá tó bí mi," ló wí nígbẹ̀yìn, kò gbójú sókè, "ogun Tápà ló mú un lọ. Ọmọdé ni, kò tíì mọ gèlè í wé. Wọ́n kọ ilà tiwọn sí i lójú. Nígbà tí àwọn òyìnbó dá ogun yẹn dúró, ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Ó dé iwájú ilé wa, wọ́n ní, 'Àlejò, ta lo wá wò?' Ìyá tó bí òun gan-an ló béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́, ẹnu ẹ̀ ti yí. Ó kàn lọ jókòó sídìí òfì ìyá ẹ̀. Ó ń hun ún. Òwú já, ó fi eyín so ó. Ìyá ẹ̀ nìkan ló máa ń fi eyín so òwú ní gbogbo àdúgbò yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a mọ̀."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́.

"Obìnrin inú ìwé yẹn, wọ́n kọ tiwọn sí i lápá. Mo ní kó o bá mi bi í. Nígbà tó padà délé, ta ló dá a mọ̀?"

Mo kọ ọ́. Mo ń sáré kọ ọ́, lẹ́tà ń wó lu ara wọn bí ọ̀mùtí. Mo sáré padà, Bàbá Tíṣà túmọ̀ ẹ̀ ní ìdúró, a jọ yára rìn lọ sí pósọ́fíìsì. Akọ̀wé ibẹ̀ ti ń ti fèrèsé. Mo fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ sí i, kódà ìlà kan, Bàbá Tíṣà ti lẹ páálí pa. Ó kọjá lábẹ́ irin fèrèsé, ó lọ. Tèmi wà nínú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ kó o dúró de èsì lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láé. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ń le sí i, mi ò gbádùn. Tí mo bá rí kẹ̀kẹ́ lẹ́tà, n ó yà sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Nígbà míì mo máa ń gbàdúrà kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé páálí yẹn rì sókun, kí ẹnì kankan má kú, kó jẹ́ páálí nìkan. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ mo máa ń rántí ìbéèrè Ìyá, n ó tún yí àdúrà náà padà. Mo jókòó, mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀, pẹ̀lú díkíṣọ́nárì. Ó gbà mí ju oṣù kan lọ. Mo rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó pín búrẹ́dì sí méjì tó sì gbé èyí tó tóbi fún un. Mo rí ibi tí ẹ̀gbọ́n náà ò ti sí nínú àwòrán mọ́, àyè ẹ̀ wà ní òfìfo títí ìwé fi parí.

Àkókò iṣu tuntun ni èsì dé. Bàbá Tíṣà ní kí n gbé Ìyá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wá. Gbogbo wa jókòó sínú òórùn káfúrà. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí èdè wa bó ṣe ń lọ. Obìnrin náà kí Alhájà, ó kí àgbẹ̀, ó kí akọ̀wé. Mo ti ń wo ọ̀nà ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi kí ọ̀dọ́ tó pè mí wá jẹun," ni Bàbá Tíṣà kà. "Níbi tí wọ́n kó wa sí, ebi ń pa wá débi pé àwa obìnrin máa ń fi ẹnu dáná. Ẹnì kan á ní òun ń gé àlùbọ́sà, ẹnì kejì á ní ó ti ta sí òun lójú. Mi ò gbọ́ nípa oúnjẹ tó pè mí sí yìí rí. Kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo fẹ́ fi kún èyí tí a ti sè."

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi. Ìyá ní, "Ta ló pè é?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O káre," ló wí, ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Kò sí ẹgba tí mo jẹ nílé ìwé tó dùn mí tó ọwọ́ yẹn. Mo wo Bàbá Tíṣà. Ó ń nu awò ojú ẹ̀. Títí dòní mi ò tíì bi í léèrè ohun tó túmọ̀ tèmi sí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó gbé awò wọ̀, ó parí ẹ̀. "Ìyá àgbà bi mí pé nígbà tí mo padà délé, ta ló dá mi mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní èyí rí. Kò sẹ́nì kankan. Mo kan ilẹ̀kùn ilé wa, ẹni tó ṣí i fún mi, mi ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ mí. Mo yí padà."

Ó ya àwòrán kékeré kan sísàlẹ̀: ilẹ̀kùn, àti ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan. Ìyá ní kí wọ́n gbé e wá. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn ọmọbìnrin yẹn.

Iwájú pósọ́fíìsì yẹn ni mo ń jókòó báyìí, lábẹ́ igi, mo ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe láyé nìyẹn, wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń kà á padà sí i létí, mo máa ń bi í pé ṣé bó ṣe wí ni. Wọ́n ní mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá ti gbé bírò lé takàdá, mo máa ń rò ó pé ẹnì kan jókòó sí ìkángun ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń dúró.

Lọ́jọ́ tí èsì yẹn dé, mo kọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán, ojú ewé kan àtààbọ̀, títí kan bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kókó ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Mo kọ ẹ̀bẹ̀ tèmi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo bi Ìyá pé kí ni kí n bá a kọ.

"Kọ ọ́ sí i," ló wí, "pé a dá a mọ̀."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò fi nǹkan kan kún un.